Habiba àti Alùpùpù Mẹ́tàlélọ́gọ́ta Sabon Zongo

Bí ẹ bá bi àwọn ará Sabon Zongo ní Accra pé irú iṣẹ́ wo ni Habiba ọmọ Àrówólò ń ṣe, ẹnu wọn kò ní í kò. Àwọn kan á ní ó ń ta alùpùpù. Àwọn kan á ní ó ń tún un ṣe. Ìyá rẹ̀ alára á ní, “Ọ́fíìsì ló wà ní Tema, ó ń tẹ kọ̀ǹpútà,” á sì yí ọ̀rọ̀ sí bí tòmátì ṣe wọ́n lọ́jà.

Wọn kò purọ́, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ọ́ débi tó yẹ. Iṣẹ́ Habiba ni kó máa fi ọgbọ́n tuntun ránṣẹ́ sí àwọn alùpùpù oníná tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ tà fún àwọn ọlọ́kadà Accra. Àwọn alùpùpù wọ̀nyí kì í mu epo, bátìrì ló ń gbé wọn rìn. Ọpọlọ kékeré kan wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó ń sọ fún mọ́tò ìgbà tó yẹ kó sáré àti ìgbà tó yẹ kó rọra. Lábẹ́ ìjókòó, àpótí kan tún wà tí kò ju páálí ìṣáná lọ, tí síìmù fóònù wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni Habiba ń gbà bá ọpọlọ náà sọ̀rọ̀ láti Tema, láìfi ọwọ́ kan alùpùpù kankan.

Bí ọpọlọ náà bá ń ṣe àṣìṣe, àwọn onímọ̀ á kọ àtúnṣe sí i, Habiba á sì fi í ránṣẹ́. Kì í dà á sórí gbogbo alùpùpù lẹ́ẹ̀kan náà. Mẹ́ta tó wà nínú ọgbà ilé-iṣẹ́ ló kọ́kọ́ máa ń gbà á. Bí ọjọ́ méjì bá kọjá láìsí wàhálà, mẹ́wàá nígboro á gbà á. Lẹ́yìn ìyẹn, ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn ìyẹn ni á wá máa gbà á ní àdúgbò dé àdúgbò títí á fi kárí. Iṣẹ́ onísùúrù ni, ẹni tó bá sì mọ Habiba láti kékeré mọ̀ pé òun àti sùúrù ni wọ́n jọ dáyé.

Ọmọ ọdún méjìdínlógójì ni. Bàbá rẹ̀, Àrówólò, ta gílóòbù àti wáyà ní ọjà Okaishie fún ọgbọ̀n ọdún kó tó kú. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá náà, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì péré ni Habiba dé Ògbómọ̀ṣọ́ rí, ìsìnkú ló sì gbé e lọ lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn ará Accra ń pè é ní Alata, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn Yorùbá, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ń pè é ní ọmọ Gáńà, kò sì bínú sí apá kankan nínú wọn. Yorùbá rẹ̀ máa ń ta kókó. Twi àti Hausa máa ń já wọ àárín rẹ̀ bí ọmọ ilé kejì tí kì í kan ilẹ̀kùn.

Ẹni tó máa ń fi kẹ̀kẹ́ gbé e lọ sí ilé-ìwé nígbà tó wà lọ́mọdé ni Bàbá Àlàní, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀, tí wọ́n jọ ń gbé agboolé kan. Bàbá Àlàní ti di ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta báyìí, òun sì ni olórí àwọn ọlọ́kadà Sabon Zongo. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Habiba kọ́kọ́ gbé alùpùpù oníná dé, àwọn ọlọ́kadà fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní kò ní ohùn, wọ́n ní alùpùpù tí kò hó, kí ló fẹ́ fi lé ewúrẹ́ kúrò lójú títì? Bàbá Àlàní nìkan ló wò ó yí ká, tó ní, “Ọmọ Àrówólò ò lè gbé ohun tó máa pa wá wọ Zongo.” Ó ra ọ̀kan. Nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ yìí ni àwọn méjìlélọ́gọ́ta mìíràn fi tẹ̀lé e. Habiba mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń fi ọ̀rọ̀ náà yangàn ní ọ́fíìsì.

Yorùbá ní abèèrè kì í ṣìnà. Lóṣù Kejì ọdún yìí, Habiba kò bèèrè.

Àtúnṣe kan ti lọ káàkiri, ó wá kan Sabon Zongo. Kí alùpùpù tó lè gbà á, ó gbọ́dọ̀ dúró lójú kan, kí wọ́n sì ti yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Gbígbà rẹ̀ á wá gba ìṣẹ́jú márùndínlógún, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ yọ bátìrì láàárín àkókò yẹn. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ọpọlọ kú nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, ọlọ́kadà kì í dúró lójú kan lọ́sàn-án. Tó bá sì di alẹ́, wọ́n á ti dá bátìrì padà sí ibùdó tí wọ́n ti ń pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n á sì ti alùpùpù wọ inú yàrá, níbi tí fóònù gan-an kì í ti gbọ́ràn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ Habiba ń họ orí. Habiba rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n má da ara wọn láàmú, ọmọ Zongo lòun. Ó ní lọ́jọ́ Jímọ̀, láti aago méjìlá ààbọ̀ títí di aago méjì, kò sí ọlọ́kadà Sabon Zongo kan tí kò ní í sí ní mọ́ṣáláṣí. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, ó kọ̀wé sórí fóònù gbogbo wọn láti sọ fún wọn.

Òótọ́ ló sọ. Àwọn ọlọ́kadà wà ní mọ́ṣáláṣí. Alùpùpù wọn ni kò sí níbẹ̀.

Ohun tí ì bá mọ̀ ká ní ó bi ẹyọ ẹnìkan ni pé bí ọlọ́kadà bá ń lọ kírun Jímọ̀, ó máa ń fi alùpùpù rẹ̀ sílẹ̀ fún onígbàgbọ́ kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí kò tíì ní tirẹ̀, kí ìyẹn fi gbé èrò títí ìrun á fi parí. Wọn kò kọ ọ́ síbì kan. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, láti ayé àwọn alùpùpù tó ń mu epo. Ní ti Habiba, ẹ̀yìn, níbi táwọn obìnrin ń jókòó sí, ló ti máa ń kírun, kò mọ ohun tó ń lọ ní ìta.

Ẹni tó wà lórí alùpùpù Bàbá Àlàní lọ́jọ́ yẹn ni Tòkunbọ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tí wọ́n bí sí Kaneshie. Ó dúró jẹ kẹ́ńkè, oúnjẹ àgbàdo kan, nítòsí Abossey Okai, ó sì fara balẹ̀ jẹ ẹ́. Nígbà tó padà dé, èrò ti ń dúró dè é, alùpùpù kò dá a lóhùn, iná pupa kékeré kan ń ṣẹ́jú nídìí ọwọ́ rẹ̀. Ó ṣe ohun tí gbogbo wọn máa ń ṣe bí alùpùpù bá ń ṣagídí: ó yọ bátìrì, ó fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnu rẹ̀, ó tì í padà. Iná náà kú. Kò sì tàn mọ́.

Mọ́kànlá ló kú bẹ́ẹ̀ láàárín wákàtí kan. Abóbóyáà, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń kó ìdọ̀tí, ni wọ́n fi kó wọn wálé, ó sì gba iwájú mọ́ṣáláṣí kọjá gẹ́lẹ́ nígbà tí àwọn èèyàn ń jáde. Bàbá Àlàní dúró pẹ̀lú ẹní ìkírun rẹ̀ lábíyá, ó rí alùpùpù rẹ̀ tó dùbúlẹ̀ lórí tàwọn yòókù bí ẹran tí wọ́n ń gbé lọ sí odò ẹran. Kò pariwo. Ó kàn bèèrè pé, “Ṣé ọmọ Àrówólò ló ṣe eléyìí?” Ó gba ọjọ́ mọ́kànlá kí wọ́n tó fi ọpọlọ tuntun sí wọn ní Tema, Habiba kò sì rí oorun gidi sùn láàárín ọjọ́ mọ́kànlá náà.

Bó ṣe di oṣù Kẹrin, ọ̀rọ̀ mìíràn dé, èyí sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn onímọ̀ rí i pé bí omi bá kan wáyà kan lábẹ́ alùpùpù, ọpọlọ á rò pé nǹkan ti bàjẹ́, á sì pa mọ́tò lójijì. Ọlọ́kadà méjì ti tàkìtì nínú àgbàrá ní Tema, ọ̀kan kán lápá. Wọ́n kọ àtúnṣe sí i pé kí mọ́tò máa dẹ̀rìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹni tó gùn ún lè rí etí títì dé. Òjò ti ń ṣú. Ẹni tó bá sì mọ ibi tí omi máa ń dá ọ̀gbàrá sí láti Kaneshie wá sí Sabon Zongo mọ̀ pé àtúnṣe yìí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi falẹ̀.

Ó lọ káàkiri Accra láìsí wàhálà. Nígbà tó kan Sabon Zongo, Habiba wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, kò rí wọn. Nínú mẹ́tàlélọ́gọ́ta, kò sí ẹyọ kan tó ń fọhùn. Ó kọ́kọ́ rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló lọ. Lọ́jọ́ kẹta, ó wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ó bá Bàbá Àlàní lórí bẹ́ǹṣì níwájú ibùdó bátìrì. Ó kúnlẹ̀.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá.”

“Kú ìrọ̀lẹ́. Ìyá rẹ ńkọ́?”

“Wọ́n wà, Bàbá. Bàbá, alùpùpù yín ti dákẹ́ lọ́dọ̀ mi. Mi ò gbúròó ẹ̀ mọ́.”

Bàbá Àlàní dìde, ó ṣí ìjókòó alùpùpù rẹ̀ sókè. Ó ti fi bébà tó ń dán bíi fàdákà, irú èyí táwọn tó ń sun tìlápíà fi ń wé ẹja, wé àpótí kékeré tó wà níbẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì má bàa lè wọ ibẹ̀. “Ìlẹ̀kùn ni mo tì,” ló sọ, ó sì jókòó padà. “Gbogbo wa la ti tì í.”

Habiba ṣàlàyé ọ̀rọ̀ omi àti ọ̀rọ̀ wáyà. Ó sọ ti ẹni tó kán lápá. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ ni inú ń bí i díẹ̀, nítorí ó ka ara rẹ̀ sí ẹni tí wọn kò lóye.

“Bàbá, mepaakyɛw, ẹ má bínú, ẹ gbọ́ mi. Ti Jímọ̀ yẹn, mo jẹ̀bi, mi ò bèèrè. Àmọ́ mo kọ̀wé sí gbogbo yín. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kẹ́nikẹ́ni má yọ bátìrì. Gbogbo yín lẹ tẹ̀ ẹ́ pé ẹ ti kà á. Mẹ́tàlélọ́gọ́ta, Bàbá. Ó wà lórí kọ̀ǹpútà mi.”

Bàbá Àlàní kọjú sí títì. Kò fèsì sí ọ̀rọ̀ ìwé náà.

“Habiba, bí mo bá bu omi fún àlejò, ta ló kọ́kọ́ ń mu ún?”

“Ẹ̀yin ni, Bàbá.”

“Nítorí kí ni?”

“Kó lè mọ̀ pé kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀.”

“Alùpùpù tìrẹ dà?”

Habiba kò ní ọ̀kan. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tó ti ń fi ọgbọ́n ránṣẹ́ sórí alùpùpù, kò sì wa ọ̀kan rí. Ẹ̀yìn ọlọ́kadà ló máa ń jókòó sí, ó tún máa ń dijú bí wọ́n bá ya kọ́nà.

Nígbà tó dé ọ́fíìsì lọ́jọ́ kejì, ó ro gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀, Olútáyọ̀, ọmọ Abẹ́òkúta kan tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Accra láti ọdún mẹ́sàn-án. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Olútáyọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹni tó kán lápá kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.

“Ó rọrùn,” ló wí. “A máa sọ fún ibùdó bátìrì pé alùpùpù tí ò bá gba àtúnṣe, kò ní rí bátìrì gbà. Láàárín ọjọ́ kan, wọ́n á tú bébà yẹn dànù.”

“Wọ́n á tú u, ọ̀gá. Wọ́n á sì dá alùpùpù padà fún wa lọ́jọ́ kejì. Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì.”

“Òjò ò ní dúró de ọ̀sẹ̀ méjì.”

“Ọjọ́ mẹ́wàá.”

Olútáyọ̀ wo ojú fèrèsé, ó wo ojú ọ̀run. “Ọjọ́ mẹ́wàá. Lẹ́yìn ẹ̀, màá ti bátìrì pa. Mi ò fẹ́ lọ bá ẹnikẹ́ni kẹ́dùn ikú ọmọ rẹ̀.”

Tòkunbọ̀ ló kọ́ ọ ní alùpùpù wíwà. Òun náà kò tíì gbàgbé ọjọ́ kẹ́ńkè, ó ń wá ohun tó máa fi tánràn rẹ̀. Ní àárọ̀ kùtù, kí Habiba tó lọ sí Tema, wọ́n á pàdé ní pápá kan lẹ́yìn ilé-ìwé, Habiba pẹ̀lú ṣòkòtò lábẹ́ aṣọ rẹ̀ àti àṣíborí lórí híjáàbù. Yorùbá ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Habiba ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ àkọ́kọ́; ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ń wò bóyá ẹni tó mọ ìyá òun wà nítòsí.

“Antí, ẹ má wo táyà,” ni Tòkunbọ̀ máa ń wí. “Ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ ni kẹ́ ẹ wò.”

Nígbà tó máa fi di ọjọ́ karùn-ún, ó ti lè wà á yí pápá ká. Lọ́jọ́ keje, ó wọ títì. Alùpùpù ilé-iṣẹ́ tó yá láti fi kọ́ ọ yìí, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti fi àtúnṣe omi sí i, lójú Tòkunbọ̀. Ẹ̀rù ń bà á, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní bí ẹ̀rù bá ń bà á, kó fi í sílẹ̀. Habiba ní bí òun bá fi í sílẹ̀, ẹlòmíràn ló máa ṣubú sínú omi, orúkọ Àrówólò ni wọ́n á sì fi sọ ọ́ ní Zongo.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, òjò rọ̀ láti ìdájí títí di aago mẹ́wàá. Nígbà tó dá, omi dúró gbuurugbu níbi tí títì ti ṣe kòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó bátìrì. Àwọn ọlọ́kadà ti kóra jọ sábẹ́ páànù, wọ́n ń wo omi náà, kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Habiba gun alùpùpù dé láti ilé ìyá rẹ̀, ó kí wọn, ó kí Bàbá Àlàní lọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà ó kọrí sínú omi.

Omi dé ibi tí ẹsẹ̀ ń sinmi lé. Nígbà tó dé àárín, iná aláwọ̀ ìyeyè tàn níwájú rẹ̀, ó mọ̀ pé omi ti kan wáyà. Irú ibí yìí gan-an ni mọ́tò ti pa àwọn méjì ọjọ́sí tì ní Tema. Ṣùgbọ́n alùpùpù náà kò dúró. Ó dẹ̀rìn, ó tún dẹ̀rìn, ó ń lọ bí arúgbó tó ń bọ̀ láti oko, títí ó fi gòkè sí òdìkejì, tó wá dúró jẹ́jẹ́ níbi gbígbẹ.

Yusif, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kadà náà, ló kọ́kọ́ lanu. Yusif kì í gba ohunkóhun gbọ́, títí kan aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, “Ó lè jẹ́ pé orí ló yọ ọ́.”

“Ẹ wá jókòó sẹ́yìn mi, ẹ jẹ́ ká padà,” ni Habiba wí.

Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín, Yusif kò sì rí ibi sá sí, ó gba etí omi lọ bá a. Habiba gbé e la omi náà kọjá padà, ìyeyè tún tàn, alùpùpù tún dẹ̀rìn, wọ́n tún gòkè. Yusif sọ̀ kalẹ̀, ó fún ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́. Gbogbo wọn ń wo Bàbá Àlàní.

Bàbá Àlàní dìde, ó rìn lọ sẹ́yìn ibùdó, níbi tí wọ́n ń to àwọn bátìrì sí, ó sì fọwọ́ pe Habiba. Nígbà tó ku àwọn méjèèjì nìkan, ó yọ fóònù rẹ̀ nínú àpò, ó nà án sí i. Ìwé tí Habiba fi ránṣẹ́ nípa àtúnṣe omi ló wà lójú rẹ̀.

“Kà á fún mi.”

“Bàbá, ohun tí mo ti sọ fún yín lọ́jọ́sí náà ni.”

“Mo ní kó o kà á.”

Ó kà á bó ṣe wà níbẹ̀, ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó ka ìlà kan, ó gbójú sókè wo bàbá náà, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun ní Yorùbá. Ó ń wá ọ̀rọ̀, ó ń kọsẹ̀: “Àtúnṣe yìí máa jẹ́ kí alùpùpù yín rọra dẹ̀rìn bí omi bá kàn án, kò ní dúró lójijì mọ́. Ó máa gba ìṣẹ́jú márùndínlógún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ bátìrì títí ẹ máa fi rí iná aláwọ̀ ewé.”

“Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn?”

“Òun nìyẹn, Bàbá.”

“Èyí tó wá ṣáájú Jímọ̀ ọjọ́ yẹn, ṣé ó sọ ti bátìrì bẹ́ẹ̀?”

“Ó sọ ọ́, Bàbá.”

Bàbá Àlàní mi orí. “Mo tẹ̀ ẹ́ ni, kó lè kúrò lójú fóònù kí n lè rí ẹni tó ń pè mí. Láti ọdún méjì ni mo ti ń tẹ̀ ẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú wa, bẹ́ẹ̀ là ń ṣe é. Àwọn tó tiẹ̀ mọ̀wé, wọn ò ráyè.”

Ojú ti Habiba débi pé kò mọ ibi tó máa gbé e sí. Ó rántí bó ṣe ka mẹ́tàlélọ́gọ́ta sí bàbá yìí létí lórí bẹ́ǹṣì, bí ẹni ka ẹ̀sùn. Omi lé sí i lójú, kò sì nù ún.

“Ẹ má bínú, Bàbá.”

“Mi ò bínú.” Ó gba fóònù rẹ̀ padà, ó bojú wo ibi táwọn yòókù wà. “Lọ kà á fún wọn bó o ṣe kà á fún mi yìí. Ṣùgbọ́n má sọ pé èmi ni mo ní kó o kà á. Sọ pé ìwọ lo fẹ́ kà á.”

Habiba padà sábẹ́ páànù. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kà fún yín.” Bàbá Àlàní ti tẹ̀lé e, ó wá àyè jókòó níwájú gbogbo wọn, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó sì tẹ́tí sí i bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí.